Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Bẹ́ẹ̀

Akọ̀wé, ti kálàmù bọ tàdáwà. Mo ti mú owó wá,
àádọ́ta sẹ́ǹtì, èrè aṣọ fífọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì.
Kọ ọ́ pé: Kẹsáyà ń wá ọmọ rẹ̀.
Ṣádírákì ni mo sọ ọ́,
nítorí ẹni tí iná ìléru kò jó.
Wọ́n tà á ní Ríṣímọ́ńdì, yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ náà,
ọmọ ọdún méje.
Ọkùnrin tó rà á ń jẹ ápù.
Ọwọ́ tó fi mú ápù ló fi ya ẹnu ọmọ mi wò.

O bi mí bó ti ga tó.
Ó ga dé ibí, ìbàdí mi. Ṣé ìbàdí ṣe é kọ?

Orúkọ ìdílé ńkọ́?
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ilé wo ni kí n wò? Èyí tí mò ń gbá tí n kì í sùn níbẹ̀?
Má kọ orúkọ ọ̀gá sí i.
Àbí, dúró. Kọ ọ́. Bóyá òun náà ló ń jẹ́ kiri.

Ogun dé. Wọ́n ní ogun dé,
bí ẹni pé inú àlàáfíà la ti ń jí láti ọjọ́ yìí,
nígbà tó jẹ́ pé ìbọn nìkan ni kò tíì dún.
Ọ̀gá ní ẹ̀tọ́ àwọn làwọn ń jà fún.
N kò bi í pé ẹ̀tọ́ láti ṣe kí ni.
Lúsíọ́sì ọmọ rẹ̀ gun ẹṣin lọ, orin lẹ́nu;
èmi ni mo rán ṣòkòtò rẹ̀.
Nígbà tó fi ẹsẹ̀ kan padà,
èmi náà ni mo ká apá kejì sókè, tí mo rán an pa.

Lóru ọjọ́ kan mo fi odò sílẹ̀ lẹ́yìn,
mo dé àgọ́ àwọn aláṣọ búlúù.
Wọ́n ní a kì í ṣe ẹrú mọ́,
ẹrù tí a kó lójú ogun ni wá.
Ẹrú, ẹrù: ohùn lásán ló yà wọ́n.
Mo fọ aṣọ wọn. Ọṣẹ eérú bó mi lọ́wọ́.
Nínú àpò kan mo bá eyín ọmọdé, òwú ni wọ́n fi dì í.
Mo gbé e sórí òkúta kó gbẹ, mo ń retí olówó aṣọ.
Kò wá.

Ọjọ́ tí ogun parí, wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì
títí okùn rẹ̀ fi já.
A gba ilẹ̀ díẹ̀. Àgbàdo wa ti ga dé orúnkún
kí ìwé míì tó dé pé ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ọ̀gá.
Báyìí à ń ro oko kan náà, wọ́n ní ìpín wa wà níbẹ̀;
gbèsè la máa ń bá ní ìsàlẹ̀ ìwé.
Wọ́n ti sun ilé ẹ̀kọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì.
Èyí tí a kọ́ lẹ́yìn náà, pákó rẹ̀ ṣì ń rùn bí igbó.
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ lẹ́tà mẹ́sàn-án.
Méje nínú wọn wà nínú orúkọ rẹ̀.

Kí àwọn pásítọ̀ kà á sókè
ní Jọ́jíà, ní Alabámà, ní etí Misisípì.
Kí wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀.

Ó kù ẹyọ kan:
kọ ọ́ pé kò ní eyín iwájú méjèèjì lókè.

O rẹ́rìn-ín. O ní, ìyá, ọdún mẹ́rìnlá,
wọ́n á ti hù.

Mo mọ̀.
Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Níbikíbi tó bá jókòó sí tó gbọ́ ọ,
á fi ahọ́n kan ibẹ̀.